Àlùfáà Samuel Johnson: Ìránṣẹ́ Láàrin Ibùdó Ogun Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti bá yín sọ ni ti iṣẹ́ ìsìn tí àlùfáà kan ṣe fún ìlú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo ti yan Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì kú ní ọdún 1901. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní òǹkọ̀wé nìkan kò tí ì mọ̀ ọ́n tán. Kí ó tó di ẹni tí a ń ka ìwé rẹ̀, ó ti di ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Ọba rán an, gómìnà rán an, àwọn olórí ogun sì gbà á sínú ibùdó wọn. Mo gbà gbọ́ pé iṣẹ́ jíjẹ́ yìí ni gbòǹgbò ohun gbogbo tí ó ṣe, títí kan ìwé náà pàápàá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, ọdún 1846, ni a bí i ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró. Henry Erugunjinmi Johnson, baba rẹ̀, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ láti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ogun ni ó kó o, tí a tà á sí oko ẹrú, kí a tó gbà á là tí a sì mú un dé Sàró. Ẹ wo bí Ọlọ́run ti í tún nǹkan ṣe: ìdílé tí a fi agbára fà tu kúrò ní ilẹ̀ baba wọn, ìwé àti ìhìnrere ni wọ́n fi padà wá. Nígbà tí Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Ìbàdàn, ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, baba yìí gbà láti tẹ̀lé e, ìdílé rẹ̀ sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1858. Kì í ṣe Samuel nìkan ni ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ Olúwa nínú ilé náà. Henry ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di Áṣídíákónì ní ìhà odò Ọya, Nathaniel di àlùfáà, Obadiah sì di oníṣègùn òyìnbó ní Èkó. Èyí Obadiah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí a óò padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn ìgbà náà, kò sì pẹ́ tí àwọn Johnson dé ibẹ̀ tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá kò tán síbẹ̀. Ọ̀nà etí òkun dí. Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wà nínú àìní tí ó pọ̀ fún ọdún mélòó kan ní Kúdẹ̀tì, nítorí pé ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí wọn kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Samuel ti kọ́ ìwé. Ní 1863 ni a rán an lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ tí Àlùfáà Bühler ń ṣe alábòójútó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1865. Ẹ rò ó wò ná! Ọmọ tí a tọ́ ní Ìbàdàn ń jẹ, ó ń sùn, ó sì ń kàwé láàrin àwọn ọmọ ìlú tí ó ń bá Ìbàdàn jagun. Ní ọmọ ọdún 17 ó ti mọ̀ pé ènìyàn wà ní ìhà kejì odi.

Ní 1866 ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ọmọdé, ó sì ṣe é fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni a fi í ṣe kátíkíìsì ní Àrẹ̀mọ ní 1875. Èmi kì yóò dúró pẹ́ lórí ọdún wọ̀nyí, nítorí iṣẹ́ tí olúkúlùkù yín mọ̀ ni: ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, ìbẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́, ìwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ìwé ìròyìn tí ó ní láti kọ ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ C.M.S. Àwọn ìwé ìròyìn náà ṣì wà ní ìpamọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí. Ẹni tí ó ń kọ ohun tí ó rí lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà, ó ń kọ́ ojú rẹ̀ láti rí nǹkan, ó sì ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti má ṣe purọ́.

Ní 1877 ni ogun tí ó gbó jù lọ ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòósà ti Ìbàdàn kọ́kọ́ kọlu àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ àwọn Ẹ̀gbá láti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nítorí ìwà ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ń hù sí àwọn ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ti di ẹrù lórí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn sì ń ṣe bí ó ti wù wọ́n nínú ilé onílé. Nígbà tí sùúrù tán, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Àwọn méjèèjì tẹ̀dó sí orí òkè láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n dojú kọ ara wọn. Nítorí ìró ìbọn tí ń dún káàkiri àwọn òkè náà ni a fi ń pe ogun yìí ní Kíríjì. Àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ń bẹ ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ọta bọ̀ láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, ogun kò sì tún rí bí ti àtijọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ́kọ́ ká àgọ́ rẹ̀ lọ sílé, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá rẹ̀ kò mọ bí yóò ti délé. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ibùdó fi di ìlú, tí a ń bímọ níbẹ̀ tí a sì ń sin òkú níbẹ̀.

Nínú ìdààmú yìí ni a fi Johnson jẹ díákónì ní 1880, iṣẹ́ rẹ̀ sì di ti Ọ̀yọ́ láti 1881. Aláàfin Adéyẹmí kìn-ín-ní ni ó wà lórí ìtẹ́. Ọba náà ní orúkọ ńlá ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù púpọ̀; Ìbàdàn ń pe ara wọn ní ìránṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í sábà gbọ́ tirẹ̀ bí kò bá wù wọ́n. Ogun náà sú u. Ní ọdún 1881 kan náà ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun parí ìjà láàrin àwọn ọmọ òun. Ta ni yóò mú ìwé náà lọ? Àlùfáà Johnson ni ó mú un lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ ọba àti ogun. A kò fi í jẹ díákónì láti máa rin ìrìn àjò fún Aláàfin, àwọn àgùntàn kékeré tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ sì ń bẹ ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ìbéèrè rere ni, èmi kò sì ní fi ẹnu bo ó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ọ̀ràn ti rí ní ìgbà náà. Ọ̀nà dí. Iyọ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin ìjọ wà ní ibùdó, àwọn mìíràn kò sì padà wá mọ́. Ta ni olùṣọ́-àgùntàn náà yóò wàásù fún, nígbà tí ogun ti ń jẹ agbo náà tán? Àti pé, ta ni ó tún wà tí ó mọ ìwé òyìnbó, tí ó mọ ọ̀rọ̀ ààfin, tí ìran ọba sì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí Aláàfin lè fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rán?

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn kò so èso tí a retí. Èkó kò dá dúró ní ìgbà náà, ọ̀dọ̀ gómìnà tí ó wà ní Gold Coast ni àṣẹ ti ń wá, àwọn alákòóso ní Lọ́ndọ̀nù kò sì fẹ́ ná owó tàbí kí wọ́n rán ọmọ ogun sí àárín ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bọ̀, ìbọn kò sì dákẹ́. Àlùfáà J. B. Wood ti C.M.S. náà dìde ní 1884, ó lọ sí àwọn ibùdó náà láti bẹ̀ wọ́n, ọ̀ràn náà sì fẹ́ yọrí, ṣùgbọ́n kò yọrí. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kùn sì bọ́ sí ipò olórí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún rèé tí wọ́n ti wà lórí òkè náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1886 ni Èkó di ilẹ̀ àkóso tí ó dá dúró, Alfred Moloney sì di gómìnà rẹ̀. Ó pinnu láti tún gbìyànjú. Kò kọ́kọ́ rán ọmọ ogun, kò sì rán òyìnbó; àwọn àlùfáà dúdú méjì ni ó rán. Johnson ni a rán sí Aláàfin àti sí àwọn Ìbàdàn. Charles Phillips, tí ó ti ń ṣe àlùfáà ní Oǹdó láti 1877, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà ní 1893, ni a rán sí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ọgbọ́n wà nínú pípín tí a pín iṣẹ́ náà báyìí. Bí Johnson nìkan bá lọ, àwọn Èkìtì ì bá wí pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn ni a ti tọ́ ọ, ará ilé àwọn ọ̀tá wa ni. Bí ó bá ṣe Phillips nìkan ni ó lọ, Ìbàdàn ì bá wí pé ará ìhà ìlà-oòrùn ni ó jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ ará nínú ìgbàgbọ́ kan, tí wọ́n ń sin Olúwa kan, lè pàdé kí olúkúlùkù sọ fún ẹnì kejì ohun tí ó wà nínú ọkàn àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Nípa báyìí ni ẹgbẹ́ ará ti ìjọ di afárá tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà gbà kọjá.

Àwọn àgbà wa wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu ológun jáde kì í sábà dùn létí ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn kò fẹ́ kí a sọ pé wọ́n sá. Èkìtì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tí yóò tún sọ wọ́n di ẹrú. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ni àdéhùn náà, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí yóò fọwọ́ sí i kò mọ ìwé. Gbogbo ìwọ̀n ọ̀ràn náà wà lórí ahọ́n ẹni tí ń túmọ̀. Bí ó bá yí gbólóhùn kan padà láti fi tẹ́ ìhà kan lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tìdí rẹ̀ jáde.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Júùnù, 1886, ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Aláàfin wà nínú rẹ̀, Awùjalẹ̀ wà nínú rẹ̀, Ọwá Iléṣà, àwọn ọba Èkìtì, àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn pẹ̀lú. Kókó rẹ̀ ni pé Ìbàdàn àti àwọn ọba Èkìtì Parapọ̀ yóò wà ní òmìnira, kò sí ẹni tí yóò tún ṣe olúwa lórí ẹnì kejì. Ìlú mẹ́rin, èyíinì ni Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ kúrò lè kúrò. Àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ yóò ṣí kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà àwọn aṣojú ìjọba ti Èkó wá láti rí i pé àwọn ọmọ ogun túká. Lẹ́yìn náà, a tiná bọ ibùdó méjèèjì. Ilé tí a ti gbé fún ọdún púpọ̀ di eérú ní ọjọ́ kan, olúkúlùkù sì doríkọ ilé rẹ̀.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ìtàn náà ì bá dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni. Mọdákẹ́kẹ́ kò ṣí. Ọdún 1909 ni wọ́n tó kúrò, wọ́n sì tún padà lẹ́yìn náà; ọgbẹ́ tí ọ̀ràn náà fi sílẹ̀ pẹ́ kí ó tó jiná. Ìlọrin kò gbà láti dáwọ́ ìjà dúró, nítorí náà ogun Ọ̀fà ń bá a lọ, àwọn Ìbàdàn kan sì ń bẹ ní ojú ogun títí di 1893. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní ogun ọdún mẹ́rìndínlógún. Johnson padà sí Ọ̀yọ́, a sì fi í jẹ àlùfáà ní kíkún ní 1888.

Ohun kan tún wà tí ó ṣòro láti sọ. Ọ̀nà tí àwọn ìránṣẹ́ àlàáfíà là, òun náà ni ìjọba gbà wọlé. Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní 1893 Gómìnà Carter rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó gba ọwọ́ àwọn ọba sí ìwé, ó sì parí èyí tí ó kù nínú ogun náà. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, 1895, Kápútéènì Bower yìnbọn ńláńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ pàápàá, ìlú tí Aláàfin kan náà tí ó ti ránṣẹ́ pe Gẹ̀ẹ́sì ní 1881 ṣì ń jọba. Ìlú Johnson ni. Ìjọ rẹ̀ ni. Èmi kò lè dá a lẹ́bi pé ó mú ìwé ọba lọ sí Èkó, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í béèrè bí ẹni tí ó gbé omi wá yóò ṣe lò ó lọ́la. Síbẹ̀ ó yẹ kí a sọ ọ́: ẹni tí a pè láti là wá níjà ni ó di olúwa lórí wa.

Nísinsin yìí a dé orí ìwé náà. Nínú ìrìn àjò wọ̀nyí, àti ní ọdún tí ó lò ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ó ń gbọ́ ìtàn. Ó gbọ́ láti ẹnu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, láti ẹnu Lágùnjú Tìmì Ẹdẹ, láti ẹnu Josiah Òní ará Ìbàdàn, àti láti ẹnu David Kúkọ̀mi, baba ìjọ Ìbàdàn, ẹni tí ó ti jagun ní ìgbà èwe rẹ̀ kí ó tó gba Kristi. Ohun tí ó dùn ún ni pé àwọn ọmọ wa tí ó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù, wọn kò sì mọ ti baba wọn. Àwọn àgbà ń kú, wọ́n sì ń mú ìtàn lọ sí ibojì. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà ni ó tún ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn tí ó ti kú ni wọ́n rán an, àwọn tí a kò tí ì bí ni a sì rán an sí.

Ìwé náà kò wà láìní àbùkù. Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe orí ohun gbogbo. Ará Ìjẹ̀ṣà tàbí Ẹ̀gbá tí ó bá kà á yóò rí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò ti yọ. Ẹ̀jẹ̀ ọba tí ń bẹ nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Ìbàdàn pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìwà ìkà àwọn ajẹ́lẹ̀ pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897.

Ní 1899 ni a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbúròó rẹ̀. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ wọn ní 1900, wọ́n sì sọ fún un pé ìwé náà ti sọnù. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lọ báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Épírì, 1901, Samuel Johnson kú ní ẹni ọdún 54, láìrí ìwé rẹ̀.

Obadiah kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó jókòó láàrin iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ ní Èkó, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó parí, a gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ní oṣù Jánúárì, 1916, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà dé Lọ́ndọ̀nù, nígbà tí ó sì dé, ìwé títẹ̀ ti wọ́n nítorí ogun. Obadiah náà kú ní 1920.

Ní 1921 ni ìwé náà jáde, Ilé Ìtàwé C.M.S. ní Èkó sì ń tà á. Ogún ọdún ti kọjá lórí ibojì ẹni tí ó kọ ọ́. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, a kò pè é ní ọmọ ọba, a kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ó mú ìwé Aláàfin lọ sí Èkó, tàbí pé ó lọ sí ibùdó Kíríjì. Orúkọ rẹ̀ ni a kọ, a sì fi oyè kan ṣoṣo tẹ̀lé e: àlùfáà ìjọ Ọ̀yọ́.